Ibùsùn Rájí Lábẹ́ Lọ́rì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọjọ́ kejì tí wọ́n ti bodè pa, Rájí gbà pé òun ò ní sùn nílé fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ lọ síwájú, kò gbọdọ̀ pa dà sẹ́yìn, àpò kan ò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ọkọ̀. Sìmẹ́ǹtì ló kó. Oníṣòwò kan ní Pọ́bẹ̀ ló ni ín, àmọ́ ọgbọ̀n àpò nínú rẹ̀ jẹ́ ti Rájí, èrè iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ fi rẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ẹ̀gùá. Ta ló máa fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ létí títì kó wá lọ nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì? Sìmẹ́ǹtì tó bá ti fara kan omi ti di òkúta, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í rọ òkúta.

Ó pe Roheemat, ìyàwó rẹ̀, lórí fóònù.

"Bá mi mú ẹní wá, èyí tó fúyẹ́. Àti tapólì."

"Tapólì wo?"

"Mélòó la ní? Èyí tí a fi bo ògiri ẹ̀yìn."

"Bàbá Jibril, òjò ọ̀wàrà ò ní pẹ́ dé."

"Ìdí tí mo fi ní kí o mú un wá nìyẹn."

Ó gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Rájí fi bo sìmẹ́ǹtì, ó fa etí kan rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ lọ́rì. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò ó, ó pòṣé. Cornelius lorúkọ rẹ̀, ará Ìpokíá. Ó ti bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pàgọ́ nínú igbó rí nígbà tó wà ní kékeré, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní pẹ́ ṣàìsàn," ó ní. "Kì í ṣe aṣọ tí èèyàn fi bora ló ń gbà á lọ́wọ́ òtútù. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara."

Rájí rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ìbàdí rẹ̀ bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Àìmọye ìgbà ló ti lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún un: "Bàbá, ẹ ní sùúrù, àwa náà ò mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i." Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún, torí kò rí ẹni tó máa bá jà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Rájí fi gbogbo òru di etí tapólì mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ kan àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ẹ̀kọ gbígbóná fún Cornelius.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Roheemat gbé fóòmù Jibril wá. Apá kan rẹ̀ tutù.

"Omi dà sí i," ó ní.

"Kí ni ọmọ máa wá sùn lé?"

"Òun àti àbúrò rẹ̀ Hussainat ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlaròó. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa lọ ilé-ìwé ní sáà yìí."

"Ó dáa. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ wá kan ti oúnjẹ. Cornelius ní gáàsì kékeré kan tó ń mú omi hó kíákíá, àmọ́ níbo ni wọ́n ti máa rọ ọ́ nínú igbó yìí? Atẹ́gùn kì í yọ èédú lẹ́nu, ṣùgbọ́n òjò ń pa á. Sítóòfù elépo òyìnbó ń rùn, ó sì ń kun ìdí ìkòkò dúdú. Rájí rò ó títí, ó ní kí Roheemat mú sítóòfù wá. Sítóòfù àti àdògán eléèédú ló kó wá.

"Mi ò mọ èyí tó máa bá yín lára mu," ó ní.

"Kí lo wá fi ń dáná nílé?"

"Mò ń rọ́gbọ́n dá sí i."

Láti ìgbà náà, kò wá lọ́wọ́ òfo mọ́: ìrọ̀rí, àpò ẹ̀fọn, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ Iléyá. Lọ́jọ́ kan, ó gbé dígí ara ògiri wá. Rájí rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́yàwó kejì fún mi níbí ni?"

Roheemat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ fi máa wo irùngbọ̀n yín."

"Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Rájí máa ń sọ fún Cornelius pé kò sí ìyàwó tó dà bíi tòun ní gbogbo Ẹ̀gùá. Ìyàwó Cornelius ní tiẹ̀ kò yọjú rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọlọ́kadà já Roheemat sílẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹní kan àti àpótí aṣọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní kí ọlọ́kadà dúró de òun.

"Mẹ̀dínátù aránṣọ ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíràn," ó ní.

"Kí ló kàn wá ńbẹ̀?" Rájí ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ mímọ́. "Gbọ́, mo ti bá Cornelius sọ̀rọ̀, ó máa bá mi ṣọ́ ẹrù yìí di ọ̀la. Mò ń tẹ̀ lé ọ lọ. Ó ti rẹ̀ mí, Roheemat. Àárò yàrá mi ń sọ mí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Roheemat tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù, ó jókòó lé e, ó ní, "Bàbá Jibril, ilé ti wó láti òjò àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù Mẹ̀dínátù ni mo ti ń sùn; níbí ni mo wá sùn."