Bàbá Ní Kí Òun Bu Ife Kan

Ọrùn ìyá ọkọ mi, Màmá Odile, ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ọtí máa ń wà tọ̀sán-tòru.

Ìgò gíláàsì mẹ́rin ló wà nínú àpótí náà. Ọkọ wọn, Bàbá Anselme, apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì, ló fọwọ́ ara wọn po ọtí inú wọn.

Gbogbo Sọ́ńdè tí a bá mu kọfí tán, Bàbá á tún bẹ̀rẹ̀.

"Odile, jẹ́ kí n bu ife kan péré."

"Omi wà ní kànga, ẹ lọ bu ìyẹn." Màmá kì í rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá sọ ọ́.

Gbogbo ìlú Beaune ló ń pe Màmá ní ahun. Èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú mi.

Láàárọ̀ yìí, okùn ọrùn Màmá já. Wọ́n ti lọ sí Máàsì kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀.

Àánú Bàbá ṣe mí. Mo ṣí àpótí.

"Ẹ tètè bù ú, Bàbá, wọn ò ní pẹ́ dé."

Bàbá fo ìgò mẹ́ta, wọ́n mú ìkẹrin. Wọ́n bu ife kan.

Wọn ò gbé e sẹ́nu.

Inú kọfí tí mo gbé sílẹ̀ de Màmá ni wọ́n dà á sí. Wọ́n fi ṣíbí rò ó pọ̀.

"Bàbá, ẹ ò mu ún ni?"

"Mo ní kí n bù ú ni, ọmọ mi. Ṣé o gbọ́ ọ rí pé mo fẹ́ mu ún?"

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Odile, káàbọ̀. Kọfí rẹ ń tutù."