Táyà Tó Gé Ọ̀nà Kúrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yín ga ju ti aládùúgbò lọ, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má ka àkọlé nìkan kẹ́ ẹ wá máa gbà mí nímọ̀ràn.

1.
Télọ̀ kan wà, Wọ̀n-ọ́n-wò la máa ń pè é. Kì í gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò sanra sí i, téèpù ọrùn rẹ̀ ló máa gbà gbọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ìlú mìíràn, igba kìlómítà gbáko. Gbogbo Jímọ̀ ni ọkọ ń wakọ̀ lọ bá a. Láàárín ọ̀sẹ̀, bùláòsì ìyàwó máa ń wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bọ́tìnnì kan péré ló kù kó rán sí i. Oṣù kẹrin rèé.

Eré àsápajúdé ló pa àbúrò ìyàwó náà lójú ọ̀nà yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ ọkọ rẹ̀:

“Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín, ọkọ mi. Ẹ ṣáà má sáré kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan.”

Ọkọ búra.

2.
Ló bá lọ rí táyà ńláńlá lára ọkọ̀ ẹnìkan. Ó wọ̀ ọ́ lójú, ló bá gba ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta táyà lọ. Bàbá onítáyà wò ó títí.

“Ọ̀gá télọ̀, èyí tóbi ju táyà tí ọkọ̀ yín bá wá lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tún mítà ṣe.”

“Ṣé inú mítà ni táyà ń gbé ni?”

“Iye ìgbà tí táyà yí nìkan ni mítà ń kà. Táyà ńlá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mítà ò mọ̀. Á ní ẹ ń rọra lọ, ẹ ò sì rọra.”

“Bàbá, ẹ ṣáà bá mi dè é.”

Ẹni tó ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn o.

3.
Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó gúnlẹ̀, ó wo mítà: kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án ló ní òun rìn, dípò igba. Ó rẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀.

“Ìyàwó mi, ọ̀nà ilé ẹ ti kúrú. Táyà tuntun ló gé e.”

“Ẹ tètè dé lóòótọ́. Àbí ẹ sáré?”

“Ọgọ́rin ni. Ojú mi ò kúrò lára mítà.”

Kò parọ́. Mítà ló parọ́. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó wò: ta ni kò ní gba mítà gbọ́, tó bá ń sọ fún un pé ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ ti sún mọ́ tòsí?

4.
Orúkọ ìyàwó ló wà nínú ìwé ọkọ̀, ilé ìyàwó náà ni lẹ́tà kámẹ́rà tó ń ṣọ́ àwọn tó ń sáré jù lójú títì bá lọ. Lẹ́tà mẹ́ta, Jímọ̀ mẹ́ta. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ọkọ mi. Lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ọgọ́rin ni mítà wí. Táyà yẹn ni. Bàbá onítáyà tiẹ̀ sọ fún mi—”

“Wọ́n sọ fún yín?”

Ìyàwó náà ká àwọn lẹ́tà náà, ó ní:

“Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Jímọ̀. Màá máa sọ fún ara mi pé ọgọ́rin lẹ̀ ń bá bọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí n lè mí. Ẹ má tíì wá. Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì wá náà. Tí ọkàn mi bá rọlẹ̀, màá pè yín.”

Wọ̀n-ọ́n-wò ti dá táyà àtijọ́ padà. Ó ti rán bọ́tìnnì yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sínú ọkọ̀ níbi tó páàkì sí, bùláòsì lórí àga kejì, fóònù lórí itan. Mítà ń sọ òótọ́ báyìí. Òdo ló ń sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ńbà wà lára táyà yín. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ èyí tó tóbi dandan, ẹ tún mítà ṣe kẹ́ ẹ tó jáde. Àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Télọ̀ wa kò tiẹ̀ ṣìnà. Wọ́n sọ fún un láì bèèrè, kò gbọ́. Ó mọ ọ̀nà ilé ìyàwó rẹ̀ bí ẹni mọ owó, kò kàn lè gbà á mọ́ ni.