Àkàrà Àwọn Ará Japan

Mọ́pẹ́ sọ fún Bọ́lá pé òun ń lọ síbi ìpàdé àdúrà. Irọ́ ni. Ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ó wọ Uber ní àdúgbò Spring tí wọ́n ń gbé, ó di ọgbà ìgbafẹ́ Hermann.

Babáwálé ti ń dúró dè é lẹ́bàá omi. Ó ti gẹrun. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Mọ́pẹ́ fẹ́ràn ló wọ̀.

“Kí lẹ sọ fún Ashley?”

“Mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀.”

“Láti àdúgbò yín ní Deer Park dé ibí? Ẹsẹ̀ yín mà gùn o!”

Ìgbà tí wọ́n fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn, ibi ìkómọ ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́lá ló jókòó sáàárín wọn.

“Mo ti búra pé ọjọ́ òní ò ní bá wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀,” ni Babáwálé wí.

Wọ́n gorí afárá onígi, wọ́n wo ẹja pupa nínú omi. Lápá ọ̀hún, àwọn ará Japan pàgọ́, wọ́n ń ta oúnjẹ ìlú wọn. Ọmọbìnrin kan ń yí nǹkan róbótó nínú páànù tó ní kòtò kéékèèké. Mọ́pẹ́ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe.

“Àkàrà mà nìyí.”

“Àkàrà wo ló lẹ́sẹ̀ nínú, Àbẹ̀ní? Wọ́n ní ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀.”

“Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ò ṣáà kú.”

Ó fi igi gún ọ̀kan, ó fẹ́ ẹ, ó fi í sí Babáwálé lẹ́nu. Kí ọkùnrin náà tó nawọ́ sí ata, Mọ́pẹ́ ti gbé e kúrò.

“Inú yín,” ló wí.

Wọ́n jọ jẹ núdùùsì nínú abọ́ kan. Igi méjì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn títí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Bọ́lá ní mi ò gbọdọ̀ máa dá jáde,” ni Mọ́pẹ́ wí. “Páspọ́ọ̀tì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Kí n wẹ ọmọ, kí n dáná, kí n fọ abọ́. Ilẹ̀ á tún mọ́.”

“Má padà mọ́.”

“Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wí?”

“Ẹnu tiwọn ni.” Babáwálé fi kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan síwájú rẹ̀.

Fóònù dún. Orúkọ Bọ́lá ló yọ.

“Má gbé e, Àbẹ̀ní.”

“Màá gbé e. Ó tó gẹ́ẹ́ tí mo ti ń sá.” Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó jù ú sínú báàgì, ó gbé fóònù sétí.

“Bọ́lá, gbọ́ mi dáadáa: sọ fún àbúrò rẹ àti Ashley ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n má wá bàbá yín kiri, ogójì ọdún tá a ti fẹ́ra wa la wá ṣe, kẹ́ ẹ sì tètè lọ wá daycare fún àwọn ọmọ yín, torí ọ̀kan sí Spring, ọ̀kan sí Deer Park, ẹ ò tún ní pín wa bí ẹran iléyá mọ́ láé.”