Tísà Tó Ti Ìkànnì Mọ́ Àlejò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ Tísà Ọláòtán ti ìlú Òkè-Amọ̀. Tísà yìí kì í jalè, kì í purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìfura ni àléébù rẹ̀. Bí aládùúgbò bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, á ní kí ló ń wá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá tètè gbé oúnjẹ wá, á béèrè ohun tó fẹ́ tọrọ.

Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ìlú náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn ṣe ìkànnì lórí ayélujára, kí àwọn ará òkèèrè lè máa rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ṣe é, ó sì dára. Ìkànnì a máa ní iwájú àti ẹ̀yìn bíi ṣọ́ọ̀bù. Iwájú ni àlejò ti ń wo ọjà. Ẹ̀yìn ni alábòójútó ti ń tò ó, tó ń yan àwọ̀, tó ń pinnu bí gbogbo ojú ìwé yóò ṣe rí. Tísà àti Mọrẹ́niké, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nìkan ló lè wọ ẹ̀yìn yìí. Tísà kì í tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọlé síbẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wò ó, kò tilẹ̀ jáde kúrò ní ẹ̀yìn ìkànnì rí. Ṣíṣí ló máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ títí dalẹ́.

Lásìkò yẹn, àjọ kan ní Ìbàdàn ń wá àwọn amọ̀kòkò tí wọn yóò pè síbi àfihàn ńlá. Wọ́n ní àwọn yóò wo ìkànnì náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú Ìyá Fẹyíṣarà, olórí àwọn obìnrin náà, dùn dẹ́yìn. Láti kékeré ló ti ń mọ ìkòkò, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní kí òun tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wu òun kí àwọn tí kò mọ òun rí wo ìkòkò òun, kí wọ́n ní ó dáa.

Àfi bí Tísà ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó rí i pé gbogbo ìkànnì ti pupa rúsúrúsú bí amọ̀. Àwọ̀ funfun ló fi sí i tẹ́lẹ̀. Ta ló lè ṣe é bí kò ṣe Mọrẹ́niké? Kò pè é, kò bi í. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Àwọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá dọ̀la, orúkọ mi ni yóò pa rẹ́. Ó fẹ́ gba ìkànnì mọ́ mi lọ́wọ́ kí àwọn ará Ìbàdàn tó wò ó."

Ó yọ orúkọ Mọrẹ́niké kúrò lára àwọn tó lè wọ ẹ̀yìn ìkànnì, ó sì dá àwọ̀ funfun padà. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá rí ibì kan nínú ètò gbogbogbò tí wọ́n kọ sí pé: ti ìkànnì, kí alábòójútó nìkan máa wọlé. Ó ní, "Ohun tí mò ń wá gan-an nìyí!" Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ kó kọ ohun tí ẹni tí a tì mọ́ta yóò kà. Mọrẹ́niké ni Tísà ní lọ́kàn tó fi kọ ọ́ pé: "Ẹni tí kò níṣẹ́ níbí, kó yáa máa lọ sílé rẹ̀." Ẹ̀yìn ló rò pé òun tì. Iwájú ló tì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Fẹyíṣarà gbé fóònù rẹ̀ wá bá a.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, n ò rí ìkòkò kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ kan báyìí ló wà níbẹ̀, ojú mi ò sì kà á."

Tísà wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nítorí pé inú ẹ̀yìn ìkànnì ló wà, gbogbo ìkòkò ló pé síbẹ̀.

"Ìyá, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wò ó."

"Ẹ wo tèmi náà."

Tísà fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Mọrẹ́niké ló rán yín, àbí? Ó fẹ́ kí n dààmú, kí n tú àṣírí ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Fóònù yín ni wọ́n ti ṣe nǹkan sí."

Ìyá Fẹyíṣarà ní kò burú, ó sì jáde. Mọrẹ́niké fúnra rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn. Tísà kò ṣí i fún un. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dá sí i pé òun náà ò rí ìkòkò lórí fóònù òun, Tísà bi í pé kí ni wọ́n fún un.

Bí ọ̀sẹ̀ ṣe parí, obìnrin kan láti àjọ náà pe Tísà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ti mú àwọn mìíràn."

"Kí ló dé? Ṣé ìkòkò wa kò dáa tó ni?"

"A ò rí ìkòkò kankan, sà. Ẹ ní kí ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ máa lọ sílé rẹ̀. A sì lọ."

Tísà já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wò ó, ó sì rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbójú sókè nígbà tó dé ilé Ìyá Fẹyíṣarà, tó bá Mọrẹ́niké níbẹ̀, tó sì jẹ́wọ́ fáwọn méjèèjì.

"Ìyá ló ní kí n fi àwọ̀ amọ̀ sí i," Mọrẹ́niké wí. "Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyẹn, tí ẹ ò ṣílẹ̀kùn."

Ìyá Fẹyíṣarà kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe àfihàn mìíràn?"

"Ó di ọdún mẹ́rin, Ìyá," Tísà wí.

Ìyá fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ojú mi ò ní dúró dè é, Tísà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ṣọ́ra, kò sí ibi tí kò ti yẹ kéèyàn ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, kí ẹ sì yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara yín wò. Kò sí olè kankan tí Tísà lé lọ. Àǹfààní Ìyá Fẹyíṣarà ló lé lọ.