Ohun Mẹ́sàn-án Tí Bàbá Ń Pè Kó Tó Gbéra

Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí Kuramochi Iwao tó gun alùpùpù rẹ̀, ó máa ń pe nǹkan mẹ́sàn-án sókè, á sì máa fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ alùpùpù nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí. Epo, ọ́ìlì, ṣéènì, ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, taya, bátìrì, nọ́ọ̀tì.

Kanae, ọmọ rẹ̀ obìnrin, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa fi ìka kà á. Torí èyí ló ṣe ń wọkọ̀ ojú irin láti Tokyo wá sílé bàbá ní Chichibu ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé ọjọ́ tí bàbá bá fo ẹyọ kan, ọjọ́ náà ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Kanae, kò sì ní gùn ún mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìrántí ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta ikú ìyá Kanae.

Alùpùpù náà kò tóbi, kò kéré, ẹ́ńjìnnì oní-síísì irinwó ni. Bàbá yàn án nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa tó bá jókòó lé e. "Èyí tí o ò bá lè dá gbé dìde, má gùn ún," ló máa ń wí. Ṣéènì rẹ̀ kì í gbẹ, taya rẹ̀ kì í rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó pààrọ̀ ọwọ́ bíréèkì iwájú, ó fi èyí tó sún mọ́ ìka sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú méjì sẹ́yìn, bàbá fo bátìrì.

"Ó pé?" bàbá bi í. Kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án síwájú.

"Ó pé, Bàbá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fo taya. Kanae tún ní ó pé, ó wá díbọ́n bí ẹni ń nu taya, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà kó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Látìgbà tí ìyá ti kú, orí òkè Torisawa nìkan ni bàbá ti ń rẹ́rìn-ín, níbi tí òun àtàwọn arúgbó márùn-ún tí wọ́n jọ ń gun alùpùpù ti ń jẹ núdù sóbà gbígbóná, tí wọ́n ń purọ́ fúnra wọn. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Lójú Kanae, ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ̀mí bàbá ló gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, wọ́n jọ mu tíì. Ọwọ́ òsì ni bàbá fi gbé ife. Ó gbé ọ̀tún lé itan, ó ń fi í ra itan.

"Ìyàwó Sugaya ti gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ o," ó ní. Sugaya jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arúgbó márùn-ún náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí lẹ wá sọ fún un?"

"A fi í ṣẹlẹ́yà títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ní kí lòun ó ti ṣe, ìyàwó òun ló wí." Bàbá gbé ife kalẹ̀. "Orí Sugaya dáa o."

Kanae bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jáde sí iwájú ilé.

"Epo. Ọ́ìlì. Ṣéènì. Ẹ́ńjìnnì." Bàbá dúró. Ó wo Kanae. "Kílọ́ọ̀ṣì. Taya. Bátìrì. Nọ́ọ̀tì."

Ìka Kanae dúró sórí ẹ̀kẹjọ. Bíréèkì! Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn lè díbọ́n nù.

"Ó pé?" Kọ́kọ́rọ́ tún wà ní àtẹ́lẹwọ́.

Kanae wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Ó ronú nípa sóbà, àti ilé tí kò ní sí ẹlòmíì nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

"Ó pé, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?" Kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ bá mi kí àwọn bàbá yòókù. Ẹ rọra o."

Bàbá pa ọwọ́ dé. "Ó dáa náà," ó ní. Kò rí okùn akoto rẹ̀ so, Kanae ló bá a so ó.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù dún. Ọlọ́pàá ni. Bàbá kò rí alùpùpù dá dúró ní kọ́nà kan lọ́nà òkè Torisawa, ó sì ti fara gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ṣì ń mí, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n máa ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ yìí dáadáa? Tí ìwé rẹ̀ bá wà, ẹ bá wa mú un dání bọ̀ ní ọsibítù."

Kanae sáré lọ síbi tí bàbá ń gbé alùpùpù sí. Bíréèkì. Òun gbọ́, òun dákẹ́. Òun ló pa bàbá òun.

Ìwé àyẹ̀wò náà ń rọ̀ lára ìṣó kan. Ó ṣí i sí ojú ewé tòní. "Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Bíréèkì iwájú, ó dáa. Bíréèkì ẹ̀yìn, ó dáa." Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà níbẹ̀, bàbá sì ti fi àmì sí gbogbo wọn kí Kanae tó jí. Ó ṣí ẹ̀yìn wò. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, taya wà níbẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bátìrì wà níbẹ̀. Bàbá kò gbàgbé nǹkan kan. Kanae jókòó sílẹ̀, ó sunkún ìtura, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi òun.

Ó fẹ́ pa ìwé náà dé nígbà tó rí ohun tí bàbá fi pẹ́ńsù kọ sí ìsàlẹ̀: "Ọwọ́ ọ̀tún mi ò lágbára láti tẹ bíréèkì mọ́, ojú sì ń tì mí láti wí; mo fo bátìrì, Kanae ò gba kọ́kọ́rọ́, mo fo taya, kò gbà á, lónìí màá fo bíréèkì gan-an, bóyá á gbà á lọ́wọ́ mi, kí èmi náà lè sọ fáwọn Sugaya pé ọmọ mi ló wí."