Ilẹ̀kùn Tó Ń Ṣí Sínú

Obìnrin ayàwòrán ilé kan fi rúlà onírin la orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn! Inú ni ilẹ̀kùn yìí ń ṣí sí! Bẹ́ ẹ bá ń tì í, a ò ní jáde!"

Ta ni yóò gbọ́? Iná ti mú òrùlé gbọ̀ngàn ìdánwò, ogójì èèyàn sì ti fún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí i lójú.

"Wèrè! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

"Ẹ jẹ́ n pa yín díẹ̀, kí iná má pa yín tán!"

Wọ́n fà sẹ́yìn. Ó fa ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá àgbà onídàánwò ti fi òdo gbé e ṣánlẹ̀, pé ilẹ̀kùn àsálà tó yà ń ṣí sínú dípò kó ṣí síta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí ló gbẹ̀yìn tí òfin gbà fún un.

Níta, ọ̀gá náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe ń ṣí. Èmi ni mo ya gbọ̀ngàn yìí. O ti yege. Lónìí ni màá fọwọ́ síwèé àṣẹ rẹ."

Ìwé àṣẹ tó ti fi ọdún mẹ́rin sunkún rẹ̀! Ó wo akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pa lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi aṣọ bò ó lójú ni.

"Ẹ ṣé gan-an, sà," ló wí.

Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé rúlà náà sókè, ó sì dojú rẹ̀ kọ orí ọ̀gá náà.