Ẹnì Kejìlá Kò Tíì Dé

Méjìlá ni ìjọba ìbílẹ̀ sọ. Bí wọn kò bá bá ènìyàn méjìlá ní ìhòòhò ní etíkun Zarrenhagen lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn aláṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọn yóò fún nílẹ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Gesine, ìyá àgbà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn oníhòòhò tó ń gbafẹ́ níbẹ̀ láìwọṣọ, kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀: mọ́kànlá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló ń pàgọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ń bẹ̀rù fóònù tó ń ya fọ́tò.

"Dietmar dà?"

Wiebke, ọ̀kan nínú wọn, gbé ẹja yíyan ẹnu rẹ̀ mì. "Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́."

"Irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?"

"Gesine, ìwọ alága lò ń bèèrè? Ta ní ń bi èèyàn ní irú ẹ̀ níbí?"

Òótọ́ ni. Orúkọ àbísọ nìkan ni wọ́n ń pe ara wọn. Ipò àti iṣẹ́ kì í wọlé. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí àgọ́ Dietmar ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, Gesine kò rí ṣòkòtò rẹ̀ rí. Inú ń bí i burúkú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n nílò ọkùnrin yìí!

Lọ́sàn-án, ọ̀gbẹ́ni Quandt dé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí wọn láti ọdún mẹ́ta. Atẹ́gùn òkun tutù. Ó fi fìlà bo iwájú orí, ó fi awò dúdú bojú, ó sì wé ìborùn dé imú.

"Wò ó bó ṣe di ara ẹ̀ bí ẹ̀kọ," Wiebke sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Quandt yà fún pákó tó ti jẹrà lójú ọ̀nà láìwo ilẹ̀, ó sì kà wọ́n. "Mọ́kànlá," ló kùn nínú ìborùn. "Ó kù díẹ̀ káàtó."

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa," Gesine ní. "Níbí, ẹ ò lè mọ dókítà yàtọ̀ sí awakọ̀. Wọ́n ti gé ọmú mi kan, kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Níta, ojú ń tì mí. Ibo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

Ọkùnrin náà fa ìwé àti bírò yọ. Gesine nu omijé, ìbínú sì gbà á.

"Ó dáa! Òfin wa ni pé aláṣọ kì í kọjá okùn ààlà yìí. Ẹ bọ́ṣọ, àbí kẹ́ ẹ máa lọ!"

Àwọn tó kù di ẹnu mú kí ẹ̀rín má bọ́. Quandt wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí, ó gbé e sórí iyanrìn, ó sì fi òkúta lé e.

Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ ṣòkòtò, kó sì tó kan fìlà, awò dúdú àti ìborùn náà, gbogbo wọn ti pariwo "Dietmar!", òun náà sì bẹ̀rẹ̀ síbi ìwé náà, ó mú bírò, ó kọ méjìlá.